Mo fẹ́ gba láísẹ́ǹsì rédíò ham, àmọ́ àtẹ báńdì kò yé mi

Àjòjì_Orí_Afẹ́fẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí rédíò. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ àwọn ham, ìyẹn àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí ìfẹ́ láìsí ti owó, lórí WebSDR, ìyẹn rédíò tí Yunifásítì Twente ní Netherlands gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni lè máa yí i gbọ́. Ó wọ̀ mí lára débi pé mo ti ra rédíò ọwọ́ kékeré kan. Mi ò tíì tẹ bọ́tìnì ọ̀rọ̀ rẹ̀ o, torí mo gbọ́ pé ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì kò gbọ́dọ̀ dán an wò.

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé. Ìwé tó bá rédíò náà wá sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ láti 136 dé 174 MHz. Àtẹ kan tí mo rí ní 144 sí 146. Òmíràn ní 144 sí 148. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Lórí WebSDR náà, tí mo bá ti yí kọjá 7.2 MHz, orin àti ìròyìn ni mo máa ń bá pàdé, bẹ́ẹ̀ àtẹ kejì ní báńdì ham, ìyẹn ìpín fíríkúẹ́ńsì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn, dé 7.3. Ta ló ń pín nǹkan wọ̀nyí gan-an? Irú ìdánwò wo ni wọ́n ń ṣe? Ṣé dandan ni Mọ́ọ̀sì, àmì dọ́ọ̀tì àti dáàṣì yẹn? Ẹ má bínú pé ìbéèrè mi pọ̀.

Bàbá_Mọ́ọ̀sì

Káàbọ̀, ọmọ mi. O ṣeun tí o kò tíì tẹ bọ́tìnì yẹn. Àwọn tó ṣáájú wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, torí èyí tí wọ́n rí, ó ń sọ tirẹ̀, kò gbọ́ tẹnikẹ́ni. Tiwa ń sọ, ó sì ń gba èsì, ibẹ̀ gan-an ni òfin ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó jókòó tó ń gbọ́ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ jáde, ohùn rẹ̀ lè ré kọjá òkun, kó lọ bo ohùn ẹni tó ń ké fún ìrànlọ́wọ́ mọ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò sì ní mọ̀.

Ní ti Mọ́ọ̀sì, kì í ṣe dandan mọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Títí di 2003, òfin àgbáyé sọ pé ẹni tó bá máa sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ 30 MHz gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n tẹ̀, kó sì mọ̀ ọ́n gbọ́. Ìpàdé àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Geneva lọ́dún yẹn ló gbé e lé ìjọba kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ pé kí wọ́n pinnu fúnra wọn. Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò nínú ìdánwò pátápátá ní 2007. Èmi ṣe tèmi nígbà tó ṣì wà: ọ̀rọ̀ 12 ní ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí kọ́kọ́rọ́ débi pé H tó jẹ́ dọ́ọ̀tì mẹ́rin, dọ́ọ̀tì márùn-ún ló ń jáde lọ́wọ́ mi, gbogbo H mi wá di 5. Mo yege ṣá.

Má jẹ́ kó dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ kan bá dé tí ariwo pọ̀ lórí báńdì tí ohùn ènìyàn kò là á já, wàá rántí mi.

Wáyà_Gígùn

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Bàbá. Àbúrò, jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ báńdì.

Fi ojú ilẹ̀ wò ó. Fíríkúẹ́ńsì kò pọ̀ sí i, àwọn tó fẹ́ ẹ ló ń pọ̀ sí i: ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú omi, fóònù, sátẹ́láìtì, iléeṣẹ́ rédíò, ológun, àwa náà. Ibi tí ìpín ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀. Ọdún 1865 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ti tẹlígíráàfù ni wọ́n ń bá kiri nígbà yẹn, kò tíì sí rédíò. Ìwé òfin rédíò wọn, àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè ni, wọ́n sì máa ń tún un ṣe níbi ìpàdé àgbáyé ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin síra. Àtẹ ìpín gangan wà ní Abala Karùn-ún rẹ̀.

Wọ́n pín ayé sí ẹkùn mẹ́ta nínú àtẹ náà. Ẹkùn 1 ni Áfíríkà, Yúróòpù, ilẹ̀ Lárúbáwá, Rọ́ṣíà àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká, títí dé Mongolia. Ẹkùn 2 ni Amẹ́ríkà ti àríwá àti ti gúúsù, pẹ̀lú Greenland. Ẹkùn 3 ni ìyókù Éṣíà, Ọsirélíà àti ọ̀pọ̀ erékùṣù inú Pàsífíìkì. Wàyí o, 144 sí 146 MHz jẹ́ ti ham ní ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 146 sí 148, ẹkùn 2 àti 3 nìkan. Àtẹ méjèèjì tí o rí kò purọ́, ibi tí wọ́n ti kọ wọ́n ló yàtọ̀. Bákan náà ni 7 MHz: 7.0 dé 7.2 wà fún ham káàkiri ayé, ṣùgbọ́n láti 7.2 dé 7.3, ham ló ni ín ní ẹkùn 2, àwọn iléeṣẹ́ rédíò ló ni ín ní ẹkùn 1 àti 3. Rédíò Twente wà ní ẹkùn 1, ìdí nìyẹn tí o fi ń gbọ́ orin.

Ní ti 136 sí 174 inú ìwé rédíò rẹ, agbára ẹ̀rọ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kì í ṣe àṣẹ. Láàárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn, ọkọ̀ òfuurufú wà nísàlẹ̀ 137, sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ojú ọjọ́ wà ní 137 sí 138, 156.8 sì ni ọkọ̀ ojú omi fi ń ké gbàjarè. Rédíò kékeré ọwọ́ rẹ lè tẹ gbogbo wọn. Kò ní bi ọ́ léèrè.

ITU kì í fún ẹnì kan láṣẹ o. Ìjọba orílẹ̀-èdè ló máa mú àtẹ yẹn, wọ́n á ṣe tiwọn láti inú rẹ̀, wọ́n lè dín in kù. Lẹ́yìn ìyẹn ni láísẹ́ǹsì rẹ á wá sọ èyí tó kàn ọ́ nínú ti ìjọba, gẹ́gẹ́ bí ipele rẹ. Tí o bá ń wá ohun tí o lè ṣe, láísẹ́ǹsì ni kí o kọ́kọ́ kà, má ti òkè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé àtẹ aláwọ̀ mèremère orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ara ògiri, ti orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn ni.

Ìyá_Áńtẹ́nà

Ẹ̀yin ọkùnrin ti gbàgbé ìdánwò sẹ́yìn. Mo ti ń kọ́ àwọn tó ń múra ìdánwò yìí fún ọdún díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Kò sí ìdánwò kan ṣoṣo fún gbogbo ayé. Ohun tí òfin ITU ní kí ìjọba ṣe ni pé kí wọ́n yẹ ẹni náà wò bóyá ó mọ iṣẹ́ náà lórí àti lọ́wọ́. Wọ́n wá ṣe ìmọ̀ràn kan, M.1544 ni nọ́ńbà rẹ̀, tó to ohun tó kéré jù tí ham gbọ́dọ̀ mọ̀: òfin, ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀, bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, ààbò, àti bí a ṣe ń yẹra fún dídí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní Yúróòpù, CEPT, àjọ tó ń ṣètò ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbé òṣùwọ̀n tiwọn kalẹ̀, HAREC, ìwé ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá ní in tó sì kó lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó wà nínú ètò náà lè gba láísẹ́ǹsì ibẹ̀ láìtún ìdánwò ṣe. Ìjọba ló ń yan iye ipele. Jàpáánù ní mẹ́rin. Ẹni tó ń wọlé lónìí ní Amẹ́ríkà á bá mẹ́ta: ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìbéèrè 35, o gbọ́dọ̀ gba 26, ti òkè pátápátá jẹ́ 50, o gbọ́dọ̀ gba 37. Wọ́n sì máa ń gbé gbogbo ìbéèrè àti ìdáhùn síta ṣáájú.

Ibi tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ti máa ń kọsẹ̀ kì í ṣe òfin. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (dB) ni, ìwọ̀n tí a fi ń fi agbára kan wé òmíràn. Mo máa ń ní kí wọ́n fi méjì péré dání: 3 dB jẹ́ ìlọ́po méjì agbára, 10 dB jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Ìyókù, ẹ rò ó pọ̀: 13 dB ni ìlọ́po ogún, torí mẹ́wàá lọ́nà méjì ni. Lẹ́yìn èyí, òfin Ohm. 100 wáàtì tó ń wọ 50 ohm, fóltì mélòó ni? Ẹ sọ 100 di ìlọ́po 50, ó di 5,000, ẹ wá wá nọ́ńbà tí ẹ máa fi ìlọ́po ara rẹ̀ dé ibẹ̀: 70.7. Fóltì 70 ó lé díẹ̀ nìyẹn lórí wáyà tí ọmọ yín lè fọwọ́ kàn, ní ibi tí áńtẹ́nà bára mu dáadáa pàápàá. Ní ìkángun wáyà, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Mi ò kọ́ wọn ní ìṣirò yìí nítorí ìdánwò nìkan.

Áńtẹ́nà náà: pín 143 pẹ̀lú MHz tí o fẹ́, mítà ni ìdáhùn, gígùn wáyà láti etí dé etí. Fún 7.1, mítà 20 ó lé díẹ̀, mẹ́wàá mẹ́wàá ní ọ̀tún àti òsì. Gé e gùn díẹ̀ sí i, torí gígé kù lọ́wọ́ rẹ, fífà gùn ò sí.

Gbogbo_Báńdì

Mà á, ẹ ń dẹ́rù ba ọmọlọ́mọ. Níbi tí wọ́n bá ti gbé ìbéèrè síta, kó há a sórí ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi há tèmi, mo gba 34 nínú 35. Ìyókù, ẹnu iṣẹ́ la ti ń kọ́ ọ.

Ìyá_Áńtẹ́nà

Mo gbọ́. Jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan tí mo mọ̀, tóun náà há a, tó tún gba èyí tó pọ̀ ju tìẹ lọ. Ọjọ́ kejì tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ dé, ó lọ jókòó sí etí òkè báńdì 14 MHz, tí a ń fi gígùn ìgbì rẹ̀ pè ní 20 mítà, torí ibẹ̀ dákẹ́. Díàlì rẹ̀ kà 14.349, USB, ìyẹn ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tó ń gbé ohùn sí òkè nọ́ńbà díàlì. Ó mọ̀ pé báńdì parí ní 14.350, ó há a sórí dáadáa. Ó ní òun ṣì ku 1 kHz.

Kò kù ú. Díàlì kì í sọ ibi tí ohùn rẹ wà. Ibi tí ìgbì agbóhùn ìbá dúró sí tí rédíò kò bá ti gé e dànù ló ń kà fún ọ. Tí o bá wà lórí USB, ohùn rẹ á gòkè láti ibẹ̀ lọ, ó tó 3 kHz. Tẹ̀gbọ́n yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 14.349, ó parí sí nǹkan bí 14.352. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó ń sọ nínú ilé onílé. LSB ní tirẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń lọ: ẹni tó bá gbé díàlì sí 7.001 LSB ti jábọ́ sí 6.998. Nítorí náà lórí USB, 14.347 ni mo máa ń sọ fún wọn pé kí díàlì wọn má kọjá. Àṣà ni pé nísàlẹ̀ 10 MHz, LSB la fi ń sọ̀rọ̀, lókè rẹ̀, USB, àfi 60 mítà tó jẹ́ USB.

Gbogbo ìbéèrè tó kan ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ohun tó há sórí. Ó dáhùn wọn. Kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Gbogbo_Báńdì

Ó dáa mà, mo gbà. 🙏 Ẹ dákun, mo máa lọ wo ibi tí èmi náà ti máa ń jókòó.

Àjòjì_Orí_Afẹ́fẹ́

Ha! Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣé gan-an mà.

Ẹ̀gbọ́n Wáyà, mo wá àtẹ ìjọba wa rí. Nínú rẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n kọ AMATEUR ní lẹ́tà ńlá, ibòmíràn wọ́n kọ Amateur ní lẹ́tà kékeré. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni.

Wáyà_Gígùn

Àṣìṣe kọ́ o, ibẹ̀ gan-an ni òfin wà! ITU náà ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ńlá túmọ̀ sí pé onílé ni ọ́. Lẹ́tà kékeré túmọ̀ sí pé àlejò ni ọ́. Àlejò kò gbọ́dọ̀ dí onílé lọ́wọ́, tí onílé bá sì dí àlejò lọ́wọ́, àlejò kò ní ẹjọ́ rò. Kó ká ẹ̀rọ rẹ̀ kó lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n láàárín àlejò méjì, wọ́n lè bi ara wọn.

Wo 430 MHz kí o rí bó ṣe ń yí padà. Láti 430 dé 440, ní ẹkùn 1, onílé ni ham, òun àti àwọn tó ń fi rédíò wá ibi tí nǹkan wà, ìyẹn ẹ̀rọ rédà. Ní ẹkùn 2 àti 3, nọ́ńbà kan náà, àlejò ni ham, rédà nìkan ni onílé. Tàbí kí o wo 2,400 MHz, tí a jẹ́ àlejò níbẹ̀, tí Wi-Fi inú ilé gbogbo ayé náà sì rọ́ kún un.

Báńdì 30 mítà, 10.100 sí 10.150, àlejò ni wá níbẹ̀ káàkiri ayé. 60 mítà le jù. Wọ́n fún wa ní 15 kHz péré ní 2015, láti 5,351.5 dé 5,366.5 kHz, pé kí agbára má kọjá 15 wáàtì EIRP ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Fara balẹ̀ pẹ̀lú EIRP yẹn. Kì í ṣe wáàtì tó ń jáde lẹ́yìn rédíò. Ohun tó ń kúrò lórí áńtẹ́nà ní ibi tó ti le jù ni wọ́n ń wọ̀n, ní ìfiwéra pẹ̀lú áńtẹ́nà inú ìwé tó ń tàn sí ibi gbogbo dọ́gba. Wáyà méjì lásán ti fi 2.15 dB ju ìyẹn lọ, ìyẹn ìlọ́po 1.64. Pín 15 pẹ̀lú 1.64: wáàtì mẹ́sàn-án ló yẹ kó dé ìdí áńtẹ́nà rẹ. Mo mọ àwọn tó fi 15 sí ẹ̀yìn rédíò tí wọ́n sì sùn fọnfọn.

Ka àwọn àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ àtẹ pẹ̀lú, àwọn nọ́ńbà kéékèèké bíi 5.133 yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ orúkọ orílẹ̀-èdè sí, pé ní ti àwọn wọ̀nyí, nǹkan yàtọ̀.

Ìgbì_Òru

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtìjú tèmi kún un, kó lè wúlò fún ẹnì kan.

Oṣù kìíní tí mo gba láísẹ́ǹsì, mo fẹ́ bá áńtẹ́nà mi mu. Mo wá ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí 20 mítà, mo rí 14.100, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo ń yí bọ́tìnì, ìṣẹ́jú kan, méjì. Òfin kò mú mi: inú báńdì ni, onílé ni mí, wáàtì mi kò pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́tà dé lọ́dọ̀ àgbà kan tó fi sùúrù ṣàlàyé pé mo ti jókòó lé beacon lórí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dá ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè fi mọ bí báńdì ṣe rí.

14.100 ni àwọn beacon kan tó wà káàkiri ayé ti máa ń ránṣẹ́, méjìdínlógún ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 10, wọ́n á yí po ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi Mọ́ọ̀sì pe àmì ìpè rẹ̀, á wá tẹ dáàṣì mẹ́rin: èkíní ní 100 wáàtì, èkejì ní 10, ẹ̀kẹta ní 1, ẹ̀kẹrin ní ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì. Ẹni tó bá ń gbọ́ á mọ apá ibi tí báńdì ṣí sí, á sì mọ bí agbára ṣe lè kéré tó kí ó ṣì dé. Ibi tí mo rò pé ó ṣófo, etí mi ló di. Wọ́n ń kọjá níbẹ̀.

Èyí ni ti IARU, ẹgbẹ́ àwọn ham àgbáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1925. Wọ́n máa ń ṣe ètò báńdì fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan: ibí fún Mọ́ọ̀sì, ibí fún kọ̀ǹpútà, ibí fún ohùn. Ìjọba púpọ̀ kò kọ ọ́ sí òfin, ìwà ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n gbé ohùn sí 14.074 kí o wò, àgbègbè tí àwọn FT8, ìyẹn àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ kúkúrú, ti máa ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìránṣẹ́ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá 15 síra. Kò sí ọlọ́pàá tó máa wá, ọ̀pọ̀ ènìyàn á ṣáà mọ̀ ọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ bá áńtẹ́nà mu, ẹ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré tó ń lo agbára táṣẹ́rẹ́ ṣe é. Mo kọ́ ọ pẹ̀lú ìtìjú.

Bàbá_Mọ́ọ̀sì

Ìtìjú kọ́ nìyẹn, gbogbo wa la ti ṣe é. Ẹni tó bá ní òun kò ṣe é rí kò tíì tan rédíò rẹ̀.

Ọmọ mi bi ẹni tó pín báńdì léèrè, kò bi bí a ṣe rí wọn gbà. Kí ìjọba Amẹ́ríkà tó ṣe òfin rédíò wọn ní 1912, ibi tó wu kálukú ló ń lò. Òfin yẹn lé àwọn ham lọ sí 200 mítà sísàlẹ̀, ìyẹn 1.5 MHz sókè, torí àwọn ọ̀mọ̀ràn ìgbà yẹn gbà pé kò sí ohun tó lè rìn jìnnà níbẹ̀. Ilẹ̀ tí wọn ò fẹ́ ni wọ́n fún wa. Ní November 1923, Léon Deloy láti Faransé àti Fred Schnell ní Amẹ́ríkà bá ara wọn sọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn kọjá òkun Àtìláńtíìkì, ní nǹkan bí 110 mítà. Láti ìgbà yẹn, ilé tí kò wúlò wá di ohun tí gbogbo ayé ń jà sí. Ní 1927, ní Washington, ìpàdé àgbáyé kọ́kọ́ kọ báńdì wa sílẹ̀: 160, 80, 40, 20, 10 mítà.

Wo bí wọ́n ṣe tò wọ́n: 3.5, 7, 14, 28. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó ṣáájú. Ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń tú ìlọ́po fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ jáde bí ọmọ tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ kiri. Tí mo bá wà lórí 7, ìdọ̀tí mi á bọ́ sórí 14 àti 28, inú ilé àwa fúnra wa ni. Mo fẹ́ràn èyí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ báńdì. Àwọn mẹ́ta tó wọlé ní 1979, ìyẹn 10, 18 àti 24 MHz, kò tẹ̀lé ìlà yẹn mọ́.

7.1 sí 7.2 tí ìwọ ń gbọ́ lónìí, àwọn iléeṣẹ́ rédíò ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní ẹkùn 1 àti 3. Ọdún 2003 ni wọ́n pinnu pé kí wọ́n kúrò, 2009 ni wọ́n tó kúrò. 50 MHz kò wọ àtẹ ẹkùn 1 bí ti àwọn tó kù títí di 2019. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá fún ọ ní àtẹ, wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí o tó wo nọ́ńbà inú rẹ̀.

Gbogbo_Báńdì

Ìbéèrè kéékèèké o. Ṣé mo lè fi ham polówó ọjà? Ṣé mo lè fi kóòdù bo ọ̀rọ̀ mi, kí ẹlòmíràn má gbọ́ ọ? Tí mo bá rìnrìn àjò ńkọ́?

Ìyá_Áńtẹ́nà

Rárá. Rárá. Ó dúró lórí ibi tí o ń lọ.

Ìtumọ̀ tí ITU fún iṣẹ́ yìí ni pé kíkọ́ ara ẹni, ìbánisọ̀rọ̀ àti ìwádìí ẹ̀rọ ni, fún ẹni tí ìfẹ́ rédíò gbé dé ibẹ̀, láìsí ti owó. Bí o bá ń polówó, o ti kúrò nínú ìtumọ̀ yẹn. Nípa kóòdù, òfin ní kí a má fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ pamọ́. Àṣẹ tí a ń rán sí sátẹ́láìtì ham láti ilẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Mọ́ọ̀sì àti FT8 kì í ṣe ìpamọ́, torí gbogbo ayé mọ bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n. Jíjíṣẹ́ fún ẹlòmíràn tí kì í ṣe ham, nígbà àjálù òfin àgbáyé gbà á láàárín orílẹ̀-èdè. Nígbà tí nǹkan bá dákẹ́ jẹ́jẹ́, béèrè ti ìjọba rẹ.

Ìrìnàjò: CEPT ní ìmọ̀ràn T/R 61-01. Ẹni tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ lè sọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn tó gbà á fún oṣù mẹ́ta láìkọ ìwé béèrè. Á fi àmì ibẹ̀ ṣáájú àmì ìpè tirẹ̀, báńdì àti agbára ibẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé, kì í ṣe ti ilé. Kì í ṣe gbogbo ipele ló wà nínú ètò náà. Ipele ìbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń wà níta.

Àjòjì_Orí_Afẹ́fẹ́

(oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà)

Ẹ̀yin ẹbí, mo yege! Mà á, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni wọ́n bi mí, mo gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mo kùnà ni ìbéèrè kan lórí fíúùsì, mi ò mọ ohun tó ṣe mí.

Àmì ìpè mi dé ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ti ta wáyà náà láti ìdí ilé dé ara igi, mo gé e gùn díẹ̀ bí ẹ ṣe sọ, mo sì gé e kúrú díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n, kì í ṣe lórí 14.100. 😄 Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta mo pe fún ogún ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó dáhùn. Lẹ́yìn náà ohùn obìnrin kan tó jìn rèrè tún àmì ìpè mi pè, ó ṣì lẹ́tà tó gbẹ̀yìn pè. Mo gbàgbé gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Orúkọ mi ni mo sọ nígbà mẹ́ta.

Mo wo díàlì kí n tó tẹ̀ ẹ́ o: 14.285, USB. Láti 14.285 dé 14.288, gbogbo rẹ̀ wà nínú. 100 wáàtì.

Ìyá_Áńtẹ́nà

Kú oríire, ọmọ mi! Ìṣirò rẹ pé.

Bàbá_Mọ́ọ̀sì

Mo kí ọ kú oríire. Inú báńdì lo wà lóòótọ́. Ṣé o mọ̀ pé 14.285 ni àwọn alágbára kékeré ti máa ń pàdé, àwọn tí kì í lò ju wáàtì márùn-ún lọ? Ìwọ gbé ọgọ́rùn-ún lọ bá wọn.

Àjòjì_Orí_Afẹ́fẹ́

Yéè! Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi ń fi Mọ́ọ̀sì tẹ nǹkan kan lé mi lórí léraléra. Mi ò mọ̀ ọ́n kà.

Mo ti yí agbára sí márùn-ún báyìí. Bàbá, ìgbà wo ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi?

Bàbá_Mọ́ọ̀sì

Ní alẹ́ òní. Mú bírò àti ìwé. E la máa fi bẹ̀rẹ̀, dọ́ọ̀tì kan ni.